Pèrégún ààlà tó ya wọ àgbàlá ẹlòmíràn: ibi tí àdá yín lè dé rèé

Bí òjò bá ti ń rọ̀ fún bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ìgbà náà ni aáwọ̀ ọgbà máa ń pọ̀ láàrin àwọn tí ilé wọn fara kanra. Pèrégún tí kò ju orúnkún lọ nígbà tí wọ́n gbìn ín yóò ti ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ yóò ya sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ewé rẹ̀ yóò máa dí gọ́tà, ẹ̀fọn yóò sì rí ibi fara pamọ́ sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bí nínú kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fa àdá yọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọgbà tí wọ́n fi igi ṣe sí ààlà kì í ṣe ewéko lásán nílẹ̀ Yorùbá.

Kí àwọn sọfeyọ̀ tó dé pẹ̀lú òpó kọnkéré tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, igi ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà. Pèrégún ló gbajúmọ̀ jù, nítorí pé kì í tètè kú: bí ẹ bá gé ọ̀pá rẹ̀ kan tí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Akòko, ìyeyè àti bòtujẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní lápálápá, náà wà níbẹ̀. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá di ti kóòtù, irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà 5 tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìdílé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pìtàn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lè júwe ibi tí ilẹ̀ náà parí sí. Ẹni tó bá hú pèrégún ààlà, ẹlẹ́rìí ló hú yẹn. Bó bá jẹ́ pé ó hú u láti fi rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ, òfin ìwà ọ̀daràn ní ẹ̀wọ̀n fún un.

Gígé ẹ̀ka yàtọ̀ sí híhú. Lórí èyí, ìlànà tí àwọn agbẹjọ́rò wa ń tọ́ka sí wá láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Nàìjíríà jogún. Lọ́dún 1894, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Lemmon àti Webb. Àwọn igi Lemmon ló ya sórí ilẹ̀ Webb, Webb gé ẹ̀ka wọn láìsọ fún un, wọ́n sì dá Webb láre, nítorí pé kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ onílẹ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló sì gé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè gé ohun tó bá ti kọjá sọ́dọ̀ yín, láti ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì dúró lórí ààlà. Ẹ kò gbọdọ̀ gun fẹ́ńsì wọ inú ọgbà rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ da oògùn apakoríko sí ìdí igi náà kó lè kú pátá.

Ohun tí ẹ bá gé kò tíì di tiyín o. Lọ́dún 1919, nínú ẹjọ́ Mills àti Brooker, ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ká èso ápù lára ẹ̀ka tó ya sọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì tà á, san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni igi. Ẹ fi máńgòrò rọ́pò ápù, ọ̀rọ̀ náà yóò yé yín. Bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò pe èèyàn lẹ́jọ́ nítorí máńgòrò kan tí ọmọdé já, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ máńgòrò tó dé ọjà lè dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó ra ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní òfin mìíràn láti mọ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ti gba èèyàn láyè láti fi ẹjọ́ ọgbà igi tó ga ju mítà 2 lọ sun káńsù, bó bá jẹ́ irú igi tí kì í wọ́wé, tó sì ń dí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n káńsù yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ ti bá aládùúgbò yín sọ ọ́.

Èrò tiwa ni pé bí òfin tilẹ̀ ní ẹ lè gé e láìsọ, ó dára kí ẹ sọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé sọfeyọ̀ yín wò, kí ẹ mọ̀ bóyá orí ààlà gan-an ni pèrégún náà wà tàbí inú ilẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ààlà, ó lè jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Lẹ́yìn náà, onílé ni kí ẹ lọ bá. Ayálégbé tàbí ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò lè fún yín láṣẹ. “Ẹ kú ilé o, Bàbá, ọ̀rọ̀ pèrégún wa yìí ni mo bá wá” ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wà níbẹ̀. Ní Èkó, ìjọba dá ibùdó ìlàjà sílẹ̀ lọ́dún 1999 fún irú aáwọ̀ báyìí, wọn kì í sì í gba owó.

Bó bá jẹ́ bòtujẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ojú, ẹ sì ṣa èso rẹ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí májèlé ni fún ọmọdé. Ẹ̀ka tó bá ti fara kan wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó ń pín iná.

Pèrégún yóò tún hù lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa sanwó fún ẹni tó ń gé e, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ìdí pèrégún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí àdá tó kàn án.