Ọmọ Tó Ń Kọ́ Kọ̀ǹpútà Ní Iṣẹ́ Láti Ṣe Lára Mọ́tò

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Oòduà tí a jọ ń gbé ìlú Bìní, nínú ìròyìn ẹbí tí ẹ máa ń kà nínú ìwé yìí, a kì í ṣàì rí orúkọ ọmọ wa tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, a sì máa ń bá òbí rẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ mìíràn a tún dé: ọmọ gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà níta ilé ẹ̀kọ́, òbí kò sì mọ ibi tí yóò fi í sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Àbúrò, ọmọ mi ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Bìní. Ó wá ní ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe lòun fẹ́ lọ. Ṣé nítorí kó lè di ọmọ mẹkáníìkì ni mo ṣe ń ta aṣọ láàárọ̀ lálẹ́?” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wádìí.” Ìwé mẹ́fà ni èmi kà, nítorí náà mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì lọ jókòó ti àwọn mẹkáníìkì ní Uwelu. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973, àjọ náà dá ètò yìí sílẹ̀, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ọmọ 748 láti ilé ẹ̀kọ́ 11 ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lo oṣù mẹ́fà. Ti pólì ń lo oṣù mẹ́rin. Wọ́n a fún un ní lọ́gìbúùkù, ìwé tí yóò máa kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a sì máa buwọ́ lù ú.

Kí ló wá da kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ mọ́tò? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọjọ́ l'Ékòó ní 1975, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ẹni tó bá ní sípánà, tí etí rẹ̀ sì mọ ohùn ẹ́ńjìnnì, lè tún un ṣe. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí rẹ̀. Wọ́n ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ti pọ̀ tó àti bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó fún un, òun a sì pinnu ìwọ̀n epo. Kọ̀ǹpútà mìíràn ń ṣọ́ bíréèkì, òmíràn ń ṣọ́ àpò afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde nígbà ìjàǹbá. Gbogbo wọn kò lè ṣe ju ohun tí ènìyàn bá kọ sínú wọn lọ. Ohun tí a kọ yìí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní sọ́fítíwíà.

Bí àwọn kọ̀ǹpútà yìí ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jọ iṣẹ́ tiwa ní rélùwéè. Akọ̀wé ni mí ní ibùdókọ̀ Agbor, lójú irin Warri sí Itakpe. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ọkọ̀ méjì kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀kan ní láti dúró kí èyí tó ṣe kókó jù kọjá. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde fún mọ́tò, wọ́n pè é ní CAN. Wáyà méjì péré ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀. Bí méjì bá fọhùn pọ̀, nọ́ńbà tó wà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ hàn. Ọ̀rọ̀ bíréèkì kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tí a ti lè ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ ń rà ló ní in. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, mẹkáníìkì a ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó lè rí P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹlòmíràn a ní kí ẹ sáré ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Owó a lọ, iná a tún tàn. Ohun tó ń dun mọ́tò ni ẹ̀rọ sọ, kò sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí agbára rẹ̀ ti dínkù.

Ibí yìí ni ọmọ yunifásítì ti wúlò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ELM327, tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè fi í so mọ́tò mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó kọ ètò tí yóò máa gba nọ́ńbà àwọn sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ bí mọ́tò ti ń sáré, kó lè rí ìgbà gan-an tí àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ mọ họ́ọ̀sì tó máa ń ya lára irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Àwọn ọmọ kan ń jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe sínú lọ́gìbúùkù, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò buwọ́ lù ú. Nígbà mìíràn, àwa òbí la ń bá wọn wá a. A ní ìwé lásán ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí àkọsílẹ̀ irọ́ ń dà bó bá wọ inú mọ́tò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Volkswagen ti fi ètò ẹ̀tàn sínú àwọn mọ́tò rẹ̀ kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ètò náà mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ mọ́tò wò. Nígbà náà, èéfín rẹ̀ a mọ́. Bó bá dé títì, èéfín olóró a máa tú jáde, ó tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà nígbà mìíràn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 mọ́tò ló ní ètò yìí káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ náà san ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì rán ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n oṣù 40 ní 2017.

Ta ló tú àṣírí náà? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ní 2013, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn àgbà wọn ní Yunifásítì West Virginia gbé ẹ̀rọ ìwọn èéfín sínú mọ́tò, wọ́n sì wà á lójú títì ní California. Wọn kò wá ẹ̀tàn lọ. Wọ́n kàn kọ nọ́ńbà tí wọ́n rí sílẹ̀ bó ti rí, ti ojú títì kò sì bá ti ilé àyẹ̀wò mu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ra ìbuwọ́lùwé fún ọmọ. Ẹ bá a wá ibi iṣẹ́ tòótọ́, kí ìsinmi tó dé. Ilé iṣẹ́ Innoson tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ní 2010 wà ní Nnewi, lódìkejì odò Ọya. Ẹni tó bá lè lọ, kó kọ lẹ́tà. Ẹni tí kò bá lè lọ, Uwelu àti Evbareke wà nílé níbí. Kí ọmọ bá ọ̀gá ibẹ̀ fẹnu kò lórí iṣẹ́ kan tí yóò parí kó tó kúrò. Ọmọbìnrin náà lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ní gáréèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wọ́n, ẹ má sì buwọ́ lu ohun tí ojú yín kò rí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ni yóò kọ ohun tí bíréèkì ọkọ̀ tí a ó wọ̀ relé ọdún yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kó kọ́ òótọ́ láti ìsinsìnyí.