Niniola: Láti Ipò Kẹrin Dé Inú Orin Beyoncé

Ìdíje Project Fame West Africa ti ọdún 2013 parí ní Èkó pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Olawale, tó gba ipò kìíní, nígbà tí Niniola Apata, ọmọ bíbí Èkìtì tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èkó, wà ní ipò kẹrin. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ègé kan láti inú orin Niniola ti wọ inú orin Beyoncé, gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sọ olórin di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìtàn rẹ̀ ju nínú ìtàn ọ̀pọ̀ àwọn tó gba adé lọ, nítorí pé ó fi ibi tí agbára ìdíje mọ hàn, ó sì fi ibi tí iṣẹ́ olórin fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn.

Orílẹ̀-èdè Spain ni wọ́n ti gbèrò irú ètò yìí, tó jáde lọ́dún 2001, tí wọ́n pè é ní Operación Triunfo. Àwọn Faransé ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Star Academy, Áfíríkà náà sì ṣe tirẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2004, níbi tí Darey Art-Alade ti kópa láti Nàìjíríà. Ní 2008 ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ilé-iṣẹ́ MTN ń náwó sí i, tí àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà, Ghana, Liberia àti Sierra Leone sì ń wá díje níbẹ̀. Ohun tó mú irú ètò yìí yàtọ̀ sí ìdíje orin mìíràn ni pé inú ilé kan ni wọ́n ń kó àwọn akópa sí, ilé tí wọ́n ń pè ní Academy, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn jáde, bí wọ́n ṣe ń jó àti bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ìtàgé, tí kámẹ́rà sì ń ya wọ́n bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọrin níwájú àwọn adájọ́, àwọn òǹwòran á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù dìbò fún ẹni tó wù wọ́n.

Ìbò yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé wò dáadáa. Adájọ́ lè mọ̀ pé ohùn kan dára, ṣùgbọ́n ìbò kì í wọn ohùn nìkan. Ó ń wọn iye ẹni tó fẹ́ràn akópa náà débi pé wọ́n á náwó orí fóònù wọn nítorí rẹ̀, ó sì ń wọn bí ojú ẹni náà ṣe fani mọ́ra tó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ipò kẹrin sí ẹ̀rí pé ohùn ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni adé kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà yóò tà. Iyanya tó gba adé àkọ́kọ́ ní 2008 pàápàá dúró fún ọdún mélòó kan kí orin rẹ̀, "Kukere", tó gba ìgboro.

Inú ilé ológun ni Niniola ti wá. Ọ̀gágun Simeon Apata ni bàbá rẹ̀, àwọn apànìyàn sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1995, nígbà tí Niniola jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ péré. Yunifásítì Èkó ló ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kó tó bọ́ sí ìdíje. Teni, àbúrò rẹ̀, náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 2018, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà.

Ní 2014, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje, ni Niniola gbé "Ibadi" jáde, Sarz, ọmọ ìlú Benin, ló sì to ìlù rẹ̀. Orin yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Dípò ìlù Afrobeats tí gbogbo èèyàn ń jó nígbà náà, ìlù house ni wọ́n fi sí i, ìyẹn ìlù tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ijó àwọn ará Chicago ní nǹkan bí 1980 sí 1985, tí àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà gbà, tí wọ́n sì sọ di tiwọn. Àmì tí a fi ń dá ìlù náà mọ̀ ni pé ìlù ńlá ń dún ní ọgbọọgba, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí ọgọ́fà ìró ní ìṣẹ́jú kan, láìsinmi. Nígbà tí wọ́n bá da ìlù ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á pè é ní Afro-house.

Kì í ṣe ohun kékeré láti fi Yorùbá kọrin lórí irú ìlù bẹ́ẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń darí orin rẹ̀, nítorí pé bí olórin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìtumọ̀ lè yí padà, ìlù á di ìlú. Ìlù house kì í yẹsẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Olórin ni yóò wá àyè sí i. Niniola wá àyè náà nípa lílo gbólóhùn kúkúrú tó ń padà bọ̀ bí ègbè, àti nípa sísọ orin náà jẹ́jẹ́, ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nítòsí, kó má baà máa fi igbe bá ìlù jà. Ìgboyà gidi ni èyí fún akópa ìdíje, nítorí pé ohùn gíga tí a fà gùn ni òǹwòran tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń pàtẹ́wọ́ fún.

"Maradona", tó jáde ní 2017 tí Sarz tún to ìlù rẹ̀, ló gbé ọgbọ́n yìí dé òkè. Olólùfẹ́ ẹlẹ́tàn ni orin náà fi wé agbábọ́ọ̀lù Argentina tó ń gé àwọn ọ̀tá rẹ̀ kọjá, àkàwé tí kò ṣàjèjì sí ará Nàìjíríà kankan tó gbọ́njú nígbà ìjọba Ọ̀gágun Babangida, ẹni tí àwọn oníwèé ìròyìn fún ní orúkọ kan náà nítorí ọgbọ́n òṣèlú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, This Is Me, jáde. Drake, olórin Kánádà, gbé "Maradona" sáfẹ́fẹ́ lórí ètò rédíò rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2019, Beyoncé lo ègé kan nínú rẹ̀ láti fi ṣe "Find Your Way Back", lórí àwo tó ṣe fún fíìmù The Lion King. Ẹni tó bá fẹ́ lo ègé orin ẹlòmíràn báyìí gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ìdí nìyẹn tí orúkọ Niniola àti ti Sarz fi wà lára àwọn tó kọ orin Beyoncé náà. Yemi Alade, tí òun pẹ̀lú ti inú ìdíje kan, Peak Talent Show ti 2009, jáde, kọrin lórí àwo yìí kan náà. Ní 2020, Niniola pe Femi Kuti sí orin "Fantasy", ó sì gbé àwo kejì, Colours and Sounds, jáde.

Ọdún 2016 ni wọ́n ṣe Project Fame kẹ́yìn. Nigerian Idol padà dé ní 2021, ó sì ń wá ohùn tuntun káàkiri, ṣùgbọ́n ìdíje níwájú adájọ́ ni ó gbé ka iwájú, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́ tó bá sì fẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn òun lónìí lè fi fóònù ya ara rẹ̀, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú, láìdúró de ìdíje kankan. Etí tí yóò gbọ́ kò wọ́n mọ́. Olùkọ́ tí yóò jókòó ti olórin lójoojúmọ́, tí yóò kọ́ ọ bó ṣe máa mí, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó wọ́n, àdánù ńlá sì ni fún àwọn tí òbí wọn kò lówó ilé-ìwé orin.