Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọdé: Ohun Tó Ń Ba Òbí Lẹ́rù àti Ohun Tí Ẹ̀rí Fi Hàn

Àjẹsára ni oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àrùn kan má baà rí i gbé ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kò ṣàìsàn, ó ń ṣeré, wọ́n sì fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ yóò dá lẹ́bi. Bí èéyi kò bá sì mú un títí ó fi dàgbà, kò sẹ́ni tí yóò rántí abẹ́rẹ́.

Àrùn ìgbóná ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ajido àti káàkiri etí ọ̀sà Àgbádárìgì, òrìṣà Sakpata ni àwọn ẹ̀yà Ogu mọ̀ pé ó ni àrùn náà, bí àwọn Yorùbá ṣe mọ Ṣọ̀pọ̀nná tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ gbàgada, tó jẹ́ Olóde tàbí Ilẹ̀-gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown lọ́dún 1861, dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná láti wádìí bí àrùn ọ̀hún ṣe ń ràn. Ó mú ìròyìn jáde pé àwọn kan ń fi èépá ara aláìsàn kó o ran ẹlòmíràn, ìjọba amúnisìn sì fòfin de ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1907. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pa àrùn. Bupá, àjẹsára ìgbóná, ló pa á. Láti ọdún 1967, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé bupá láti abúlé dé abúlé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ìgbóná gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ojú bupá ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá àgbà. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí nípa àjẹsára lè kọ́kọ́ wo apá wọn.

Nígbà náà pàápàá, àwọn kan kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1967, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Abakaliki, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Èèyàn 32 ló mú, 30 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, tí ẹ̀kọ́ wọn kò gba bupá láyè. Ìlú náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn, síbẹ̀ agbo ilé àwọn tó kọ bupá ni àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ há sí. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ aládùúrà tó jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ lúkúlúkú ọdún 1918 pa oògùn tì, wọ́n sì bá ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà ṣe pọ̀ lẹ́yìn náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní òpè, nítorí oògùn tó wà lọ́dún 1918 kò ran àrùn yẹn rárá. Ti Abakaliki yàtọ̀: bupá wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Kíkọ̀ tó ṣe Nàìjíríà lọ́ṣẹ́ jù ni ti Kánò. Ó sì ní ohun tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọ bí 200. Ọmọ 11 kú nínú àwọn tó wà nínú ìdánwò náà, lára àwọn tó lo Trovan àti àwọn tó lo oògùn kejì tí wọ́n fi ń wé e. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà fà títí di ọdún 2009, tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò. Trovan kì í ṣe àjẹsára, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ nígbà kan kì í tètè gba ohun tí wọ́n bá tún gbé wá.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olórí ẹ̀sìn kan sọ lọ́dún 2003 pé wọ́n ti po oògùn tó ń sọni di àgàn àti kòkòrò HIV mọ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu, ọ̀pọ̀ òbí gbà wọ́n gbọ́. Ìjọba Kánò dá ètò náà dúró fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Wọ́n yẹ àjẹsára náà wò, wọn kò sì rí ohun tó lè ba ọmọ bíbí jẹ́ nínú rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2004 ni Kánò tó bẹ̀rẹ̀ padà, pẹ̀lú àjẹsára tí wọ́n rà ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Látàrí ìdádúró yẹn, àrùn náà ti Nàìjíríà ràn dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè, títí kan Indonesia fúnra rẹ̀. Ọdún 2016, ní Borno, ni wọ́n rí ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 sì ni wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ tó rọ lẹ́sẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n ń jiyàn ti di géńdé báyìí. Ẹsẹ̀ wọn kò lè padà bọ̀ sípò.

Ìbẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ ń sọni di àgàn yìí ló tún gbérí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ HPV fún ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Àrùn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà ni jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, tó ń pa obìnrin bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ́dún kan ní Nàìjíríà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ èèpo kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ náà lásán. Kòkòrò alààyè kò sí níbẹ̀, oògùn tó ń dá ọmọ bíbí dúró kò sì sí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé láti ọdún 2008, àwọn tó kọ́kọ́ gbà á sì ti ń tọ́ ọmọ tiwọn. Jẹjẹrẹ yìí dín kù ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gbà á ní ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Ohun tó ń ba ilé-ọmọ jẹ́ gan-an ni jẹjẹrẹ náà.

Àhesọ kejì, pé abẹ́rẹ́ èéyi ń fa ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní autism, ti ọ̀dọ̀ dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Wakefield, wá. Ọmọ 12 péré ló fi kọ ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 1998. Ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e lọ́dún 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà. Ní Denmark, ìwádìí ọdún 2019 lórí ọmọ tó lé ní 650,000 kò rí ìbáṣepọ̀ kankan.

Àjẹsára kò ṣàìní wàhálà tirẹ̀, ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ ọ́ kí òbí tó béèrè. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n ń gún sápá òsì ọmọ tuntun máa ń di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n má fi ewé tàbí ìpara sí i, yóò jinná fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà lè mú ara gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí itan ọmọ sì wú díẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni kí ara kọ abẹ́rẹ́ lójijì, kí ojú wú, kí èémí sì le. Ẹyọ kan ni irú rẹ̀ nínú nǹkan bí mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ìyá dúró díẹ̀ kó tó máa lọ. Ní ti àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu, kòkòrò rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára lè máa ràn kiri níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gbà á, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe mú irú tuntun tó ṣòro fún láti yí padà wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2021. Lọ́dún 1999, Amẹ́ríkà kó àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru kan kúrò lọ́jà nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń mú ìfun àwọn ọmọ mélòó kan lọ́ wọ ara wọn. Àwọn tó ń ṣọ́ àjẹsára ló rí i, àwọn náà ló sì dá a dúró.

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu jù létí ọ̀sà ni ti yìnyín. Àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ iná kì í dúró, ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n ń wọ̀ dé àwọn abúlé kan. Lára ìgò àjẹsára, àmì roboto kan wà tí igun mẹ́rin kékeré wà láàárín rẹ̀. Tí àjẹsára bá dára, igun mẹ́rin náà máa ń funfun ju roboto tó yí i ká lọ. Bí ooru ṣe ń bá a ni ó ń dúdú. Tí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín bá dúdú jù, dídànù ni ìgò náà. Ìyá ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò hàn òun kó tó fà á, kó sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Bákan náà, sirínjì tí wọ́n ń lò máa ń há lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, kò ṣeé fi gún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà ojú omi àti ti Sẹ̀mẹ̀ ń gbé àwọn oníṣòwò àti apẹja láti Ajido lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, àrùn sì ń bá wọn rìn. Ẹnì kan tí èéyi mú lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 tí kò ní àjẹsára, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á kí àrùn náà tó lè dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n kéde pé diphtheria, tó máa ń dí ọ̀fun ọmọ pa, ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò àti Èkó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ààbò ìkókó tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé wà lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò tó ti gbà á.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni àjẹsára àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Oṣù kẹsàn-án ni ti èéyi àti ibà pọ́njú, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún sì ni èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ilé tí bàbá tàbí ìyá ọkọ ti ń pàṣẹ, kí àwọn náà bá ìyá ọmọ wá gbọ́ àlàyé. Ọ̀fẹ́ ni àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba. Kí wọ́n má gbàgbé káàdì ọmọ nílé. Ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá náà ṣì lè wá: wọn kì í bẹ̀rẹ̀ látòkè, ibi tó bá kù sí ni wọ́n ti ń bá a lọ.