Ìsopọ̀-láìyọ́: Bí Plásímà Ṣe Ń So Ẹ̀rún Fàdákà Pọ̀ Lórí Ike

Ìfáàrà
Lóde òní, a lè fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀nà iná mànàmáná sórí ìwé tàbí ike bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ẹ̀rún fàdákà ni ó wà nínú tàdáwà rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan kì í sábà tó 100 nínú rẹ̀. Àlàyé wa dá lórí bí ẹ̀rún wọ̀nyí ṣe ń di ọ̀kan.

Ìṣòro Ooru
Èròjà kan bo ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan bí aṣọ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra nínú tàdáwà. Aṣọ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí iná kọjá nígbà tí tàdáwà bá gbẹ. Òótọ́ ni pé 961°C ni fàdákà ń yọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rún kékeré lè so pọ̀ ní ooru tí ó kéré sí èyí gan-an, bí amọ̀ ìkòkò ṣe ń so pọ̀ nínú iná láìyọ́. Èyí ni a pè ní ìsopọ̀-láìyọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tàdáwà ń fẹ́ ooru tí ó lé ní 150°C kí aṣọ náà tó kúrò, ike ìgò omi sì ti ń rọ̀ ní nǹkan bí 80°C.

Iṣẹ́ Plásímà
Plásímà ni afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná ti tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pá iná gígùn funfun. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tí ó yí wọn ká kì í gbóná púpọ̀. Ní 2009, Ingo Reinhold, Ulrich Schubert àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi plásímà ágọ́ọ̀nù so fàdákà tí a tẹ̀ sórí ike pọ̀. Plásímà náà ń fọ́ aṣọ yẹn sí wẹ́wẹ́, fàdákà á sì kan fàdákà. Àléébù rẹ̀ ni pé láti òkè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìtẹ̀ bá nípọn, ìsàlẹ̀ lè ṣẹ́ kù láìsopọ̀ dáadáa.

Àgbálọgbábọ̀
Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Agbájé Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo obì àti ti kòkó ṣe ẹ̀rún fàdákà, pàápàá fún pípa kòkòrò àrùn. Obì àti kòkó kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rún wọn náà wọ aṣọ, láti ara ewéko ni. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fi wọ́n ṣe tàdáwà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí aṣọ náà yóò ṣe kúrò. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè gbé kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá.