Ẹ̀rí Ẹ̀rọ Tí Kò Tíì Bàjẹ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ wa yìí ni bí a ṣe lè mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ kan yóò fi ṣiṣẹ́ kí ó tó bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ àwọn tí ń lò ó nìkan ni a ní lọ́wọ́. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni, ẹ̀rí yíyẹ̀wò sì ni iṣẹ́ wa: ta ni ó sọ̀rọ̀, ta sì ni a kò bi léèrè?

Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ a máa dán an wò níbi tí iná kì í ti í ṣe ségesège, tí eruku kò sí, tí ẹni tí ń lò ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ojú iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ láti ojú iṣẹ́ ni ẹ̀rí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù, bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Kíkà rẹ̀ gan-an ni ìṣòro, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ nìkan ni a máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn tí ara wọn dá kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi pọ́ǹpù 10 ṣe àpẹẹrẹ, tí a gbé sí ibi kànga 10 ní ọjọ́ kan náà. Ní ìparí oṣù 6, ọ̀kan bàjẹ́. Ní ìparí oṣù 8, a tú mẹ́rin tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kúrò, nítorí pé omi ẹ̀rọ ìjọba ti dé àdúgbò wọn. Ní ìparí oṣù 12, ọ̀kan tún bàjẹ́. Mẹ́rin yòókù ṣì ń fa omi. Akọ̀wé tí ó wo ìwé mẹkáníìkì nìkan yóò ro 6 pọ̀ mọ́ 12, yóò pín in sí méjì, yóò sì kéde pé oṣù 9 ni ẹ̀mí pọ́ǹpù yìí mọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́rin wà tí wọ́n ti lo oṣù 12 tí wọn kò kọṣẹ́! Bí àwọn ará ìlú bá gba ọ̀rọ̀ akọ̀wé yìí, wọn yóò máa sọ pọ́ǹpù tí ó dára nù, owó tí ó yẹ kí wọ́n fi gbẹ́ kànga mìíràn yóò sì bá a lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé, nígbàkigbà tí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́, kí a béèrè pé: mélòó ni ó wà lójú iṣẹ́ títí di ìgbà náà, mélòó ni ó sì yè? Ní oṣù 6, mẹ́wàá ni ó wà lójú iṣẹ́, mẹ́sàn-án yè: 9/10. Ní oṣù 12, márùn-ún péré ni ó kù lójú iṣẹ́, mẹ́rin yè: 4/5. Bí a bá sọ ìdá méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, a ó rí i pé nǹkan bí 72 nínú 100 irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ni a lè retí pé yóò lò kọjá ọdún kan. Mẹ́rin tí a tú kúrò kò sọnù nínú ìṣirò yìí, a kò sì kà wọ́n mọ́ òkú. Wọ́n jẹ́rìí títí di oṣù 8, wọ́n sì dákẹ́.

Edward Kaplan àti Paul Meier ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958. Kaplan ń ṣèwádìí nípa àwọn gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́ tí ń fún ohùn lágbára nínú wáyà tẹlifóònù abẹ́ òkun. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ni ó gba Meier lọ́kàn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ tiwọn kí wọ́n tó pa á pọ̀ di ọ̀kan.

Àmọ́ ìṣirò yìí ní ohun tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀: ìdí tí a fi tú àwọn mẹ́rin yẹn kúrò kò gbọdọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ìlera wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ariwo tí kò yẹ ni wọ́n ti ń pa, ìdákẹ́jẹ́ wọn ní ohun tí ó ń fi pa mọ́, 72 wa sì ti pọ̀ jù.

Ẹni tí ó kọ́ ayé bí a ti ń ka irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Abraham Wald, ọmọ Júù tí ó kúrò ní Austria lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kọ̀wé ní Yunifásítì Columbia lórí ọkọ̀ òfurufú tí ọta ń bà. Nínú àpẹẹrẹ tí ó ṣe níbẹ̀, ọkọ̀ 400 jáde lọ, 380 padà. Ọta kò ba 320 nínú wọn rárá. 60 padà tòun ti ihò lára. Ihò ara 60 yìí nìkan ni ènìyàn lè fojú rí kà. Ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò ní ibi tí ihò pọ̀ sí jù ni kí a fi irin bò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọta bà níbẹ̀ ni ó padà wálé wọ̀nyẹn! Ibi tí ihò kò tó bí ó ti yẹ ni ó yẹ kó bani lẹ́rù, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ọta bà níbẹ̀ wà lára 20 tí kò dé, tàwọn tọmọkùnrin inú wọn. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, èyí tí ó bàjẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Níhìn-ín, òun gan-an ni kò sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò wúlò gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dé, ìbáà bàjẹ́, ìbáà má bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́, nítorí pé pọ́ǹpù tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjì lóòjọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí a tú u kúrò àti ìdí rẹ̀. Ìdí yìí ni àwọn akọ̀wé sábà máa ń fò. Ìlà kan péré ni, òun sì ni kò ní jẹ́ kí a ka pọ́ǹpù tí ń pariwo mọ́ èyí tí ara rẹ̀ dá.