Àyẹ̀wò kóòdù dírẹ́bà ẹ̀rọ

Àyẹ̀wò kóòdù dírẹ́bà ẹ̀rọ ni iṣẹ́ kíka kóòdù tí ẹlòmíràn kọ láti mú kí kẹ́nẹ̀lì kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ pọ̀, kí a tó gba irú kóòdù bẹ́ẹ̀ wọlé sínú kẹ́nẹ̀lì. Ẹ̀rọ náà lè jẹ́ kámẹ́rà fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kíbọọ̀dù, módẹ̀mù tàbí ṣíìpù tí ń gba Wi-Fi. Dírẹ́bà tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe awakọ̀. Ètò kan ni, tí ó mọ èdè ẹ̀rọ kan, tí ó sì ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ẹ̀rọ yẹn àti ìyókù kọ̀ǹpútà.

Kẹ́nẹ̀lì ni ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹkùrọ́ tí èèpo líle bò, ó sì bá a mu, nítorí pé áàpù lásán kò lè fọwọ́ kan kẹ́nẹ̀lì. Bí áàpù kan bá ṣàṣìṣe, kẹ́nẹ̀lì yóò pa á, àwọn yòókù yóò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n inú kẹ́nẹ̀lì gan-an ni ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń gbé. Wọ́n lè ka ohun gbogbo tí ó wà nínú mẹ́mórì, wọ́n sì lè kọ nǹkan lé e lórí. Bí dírẹ́bà bá ṣàṣìṣe, gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó lè dá dúró.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, fáìlì kan tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí dírẹ́bà rẹ̀ nínú Windows dá kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ti ṣírò rẹ̀. Dírẹ́bà ààbò ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ohun tí ó fà á kò ju èyí lọ: kóòdù ń retí nǹkan 21, 20 ni a kó fún un, ó sì nawọ́ sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tí olùyẹ̀wò ń wá

Ẹni tí ó kọ dírẹ́bà sábà máa ń dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò lábùkù àti áàpù tí ó mọ ìwà hù. Ìbéèrè olùyẹ̀wò yàtọ̀ sí èyí: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí áàpù bá purọ́, bí ẹ̀rọ bá purọ́, tàbí bí nǹkan bá dàrú láàárín iṣẹ́?

Irọ́ áàpù ni ó wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí áàpù bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe nǹkan, yóò sọ iye báìtì tí òun mú wá fún dírẹ́bà. Bí àyè báìtì 64 ni dírẹ́bà pèsè, tí áàpù sì ní 4,000 ni òun mú wá, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Olùyẹ̀wò tí ojú rẹ̀ mú tún máa ń wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni dírẹ́bà ka iye náà láti ọwọ́ áàpù, nítorí pé áàpù lè yí i padà láàárín ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò àti ìgbà tí a lò ó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni díẹ̀ ni ó rò pé ẹ̀rọ náà lè purọ́. Ní ọdún 2017, Andrey Konovalov, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Google nígbà náà, lo ètò syzkaller láti dá ẹ̀rọ USB tí kò sí sílẹ̀, ó sì ní kí ó máa fi ìdáhùn ìsọkúsọ ránṣẹ́ sí Linux. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó kéde àléébù ààbò 14 tí ó rí nínú àwọn dírẹ́bà USB. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa ara rẹ̀ di ohun tí olùyẹ̀wò ń fura sí.

Ìdàrú àárín iṣẹ́ ni ó ṣòro jù láti rí. Nígbà tí kẹ́nẹ̀lì bá rí ẹ̀rọ tuntun, dírẹ́bà yóò gba mẹ́mórì, yóò gba ìlà ìdálọ́wọ́kọ́, yóò tan iná ẹ̀rọ, yóò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ kẹta bá kùnà, a gbọ́dọ̀ dá méjì ìṣáájú padà, bí ẹni tí ń tú ẹrù orí ọkọ̀: èyí tí a dì gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ tú. Kóòdù ìtúká yìí kì í sábà ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí náà ojú olùyẹ̀wò ni ó sábà kọ́kọ́ dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni módẹ̀mù tí a yọ lójijì nígbà tí áàpù ṣì ń lò ó: bí dírẹ́bà bá ti dá mẹ́mórì padà, tí áàpù sì tún béèrè ohun kan, mẹ́mórì tí ó ti di ti ẹlòmíràn ni dírẹ́bà yóò máa kọ nǹkan sí.

Ọ̀ràn oorun tún wà. Kóòdù tí ń dáhùn nígbà tí ẹ̀rọ bá dá kẹ́nẹ̀lì lọ́wọ́ kọ́ kò gbọdọ̀ sùn, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ dúró de ohunkóhun. Ẹni tí iṣẹ́ náà ṣì ṣàjèjì sí lè béèrè mẹ́mórì níbẹ̀ pẹ̀lú GFP_KERNEL, tí ó lè sùn, dípò GFP_ATOMIC. Ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí ọjọ́ tí mẹ́mórì hán tó dé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú Linux

Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Lónìí, dírẹ́bà ni ó ju ìdajì kóòdù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ àbùlẹ̀ yóò fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì sí alábòójútó tí fáìlì MAINTAINERS dárúkọ, ní gbangba. Láti ọdún 2004 ni ó ti ń fi ìlà Signed-off-by jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Ẹni tí ó kà á tí ó sì tẹ́ lọ́rùn yóò fi Reviewed-by kún un. Àbùlẹ̀ kan lè lọ, kí ó bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé olùyẹ̀wò kì í sábà ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ohun tí a kọ sórí ìwé ni ó ń dá lẹ́jọ́, ìdí nìyí tí àlàyé tí ó bá àbùlẹ̀ wá fi ṣe pàtàkì tó kóòdù fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò pé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Greg Kroah-Hartman fòfin de àbùlẹ̀ láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí kan níbẹ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùlẹ̀ alábùkù ránṣẹ́ láti dán àwọn olùyẹ̀wò wò. Nígbà tí wọ́n tún àbùlẹ̀ 435 láti yunifásítì náà yẹ̀ wò, 349 ni ó dára, 39 sì nílò àtúnṣe. Ìdánwò náà ni ó gba ìròyìn kan, ṣùgbọ́n 39 yìí ni ó yẹ kí ó gba àfiyèsí: wọ́n ti gba ojú ọ̀nà kọjá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Dírẹ́bà tí kò gba ojú ọ̀nà yìí kọjá

Kẹ́nẹ̀lì Linux ni Android ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dírẹ́bà inú fóònù ni ilé-iṣẹ́ ṣíìpù kọ sínú ẹ̀dà kẹ́nẹ̀lì tirẹ̀, láìfi í hàn fún àwọn alábòójútó Linux. Ṣíìpù MediaTek wà nínú púpọ̀ nínú fóònù Tecno àti Infinix tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ yìí sì ni àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù. Dírẹ́bà rẹ̀ kan, tí ń to àṣẹ fún ṣíìpù, ń gba àṣẹ láti ọwọ́ áàpù láìyẹ ibi tí àṣẹ náà fẹ́ kà tàbí kọ sí wò. Áàpù kékeré lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀gá lórí gbogbo fóònù. Irọ́ áàpù tí a ti sọ lókè náà ni.

Ọ̀nà tí a lè gbà lo àléébù yìí ti wà ní gbangba láti oṣù kẹrin ọdún 2019. MediaTek ṣe àtúnṣe ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe fóònù ni ó gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹni tí ó rà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Trend Micro kéde pé áàpù amí kan lórí Play Store ti ń lò ó. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni Google tó fi í sínú ìkéde ààbò Android, pẹ̀lú nọ́ńbà CVE-2020-0069. Fóònù tí àléébù yìí kàn, tí ẹni tí ó ṣe é sì ti dẹ́kun fífi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i kí oṣù yẹn tó dé, yálà Abigi ni ó wà tàbí Èkó, dírẹ́bà àtijọ́ náà ni ó ṣì ń lò.