Alùpùpù Nínú Aṣálẹ̀ Etí Òkun Baja: Ìṣirò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ìrìn-Àjò

Alùpùpù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀kadà tí ń gbé èrò lójú títì. Èyí tí a ń wí ni alùpùpù gíga, fẹ́ẹ́rẹ́, tí táyà rẹ̀ ní eyín bí ayùn, tí wọ́n ṣe fún iyanrìn, òkúta àti ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tó wà ní Kalifóníà, ń gbọ́ orúkọ Baja lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ lè dìde lọ́jọ́ kan kí ó sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun àti àwọn mẹ́ta kan fẹ́ gun alùpùpù la aṣálẹ̀ já létí òkun. Òbí tí kò mọ ohun tí yóò bi í yóò kàn sọ pé, “O ò gbọ́dọ̀ lọ.” Ọmọ náà yóò dákẹ́, yóò sì lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tiwa, ìyẹn gan-an ló léwu jù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹni tó fẹ́ lọ àti ẹni tí yóò dúró sílé lè jókòó pọ̀ kí wọ́n ṣe ìṣirò náà.

Irú ilẹ̀ tó jẹ́

Baja California jẹ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Mẹ́síkò, tó nà lọ sínú omi láti ìsàlẹ̀ Kalifóníà ti Amẹ́ríkà. Ó gùn ju 1,200 kìlómítà lọ. Òkun Pàsífíìkì wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Gulf of California sì wà ní ìlà oòrùn. Ọdún 1973 ni wọ́n tó parí títì ọlọ́dà tó là á já láti Tijuana títí dé Cabo San Lucas. Kó tó di ìgbà yẹn, ipa ọkọ̀ nínú erùpẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní oṣù March 1962, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Dave Ekins àti Bill Robertson Kékeré, gun alùpùpù Honda CL72 méjì láti Tijuana lọ sí La Paz, ọ̀nà tó lé ní 1,500 kìlómítà. Ilé wáyà ni wọ́n ti gba òǹtẹ̀ àkókò tí wọ́n gbéra àti àkókò tí wọ́n dé. Ekins lo wákàtí 39 àti ìṣẹ́jú 56. Ìròyìn yìí tàn kálẹ̀, nígbà tó sì di 1967, eré ìje tí a mọ̀ sí Baja 1000 lónìí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé nínú ìtàn náà ni pé ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ń fò tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, kùrukùru òru mú wọn ṣìnà, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan sì bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ta ni yóò fò tẹ̀ lé ọmọ tiwa?

Apá ibi tó dá páropáro jù fún ẹni tó fẹ́ rìn létí òkun ni àárín ilẹ̀ náà, láti El Rosario dé Guerrero Negro. Ní ìhà Pàsífíìkì, ipa ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ń fi pátákó gun ìgbì òkun sọ ní Seven Sisters, ìyẹn Arábìnrin Méje, nítorí àwọn orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun níbẹ̀. Àgọ́ àwọn apẹja ni ènìyàn máa ń rí lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà, òkúta, iyanrìn àti afẹ́fẹ́. Igi tí wọ́n ń pè ní cirio pọ̀ nínú aṣálẹ̀ yìí. Ó nípọn nísàlẹ̀, ó tín-ín-rín lókè, kò sì ní ẹ̀ka tí ènìyàn lè sá oòrùn sí lábẹ́ rẹ̀.

Epo àti omi ń jìjàdù àyè kan náà

Láti El Rosario títí dé ibi tí ilé epo tó ṣeé gbọ́kàn lé tún wà lójú títì, lẹ́bàá Guerrero Negro, ó lé ní 300 kìlómítà. Ní Cataviña, tó wà láàárín, àwọn kan máa ń ta epo láti inú àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba etí òkun lọ kò ní kọjá níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ṣe é. Ká sọ pé táńkì alùpùpù gba lítà 8. Bí lítà kan bá gbé e rìn kìlómítà 18 lórí ilẹ̀ líle, kìlómítà 144 ni táńkì náà yóò gbé e dé. Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn, lítà kan lè má gbé e ju kìlómítà 12 lọ, ìyẹn 96 péré. Fún 300 kìlómítà, bí a bá fi èyí tó burú ṣírò, lítà 25 ni. Mẹ́jọ wà nínú táńkì. Ó ku 17 tí yóò gbé lẹ́yìn. Ìwọ̀n epo yẹn tó kìlógírámù 12 àbọ̀. Omi ńkọ́? Lítà mẹ́rin fún mímu lójoojúmọ́ ni ohun tó kéré jù tí a lè gbà fún ẹnì kan nínú aṣálẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, lítà 12 ni, kìlógírámù 12. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó ti di ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kí a tó gbé oúnjẹ, àgọ́ àti irinṣẹ́ lé e. Alùpùpù tó fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wúwo. Èyí tó bá wúwo máa ń jẹ epo sí i, ó sì ń ṣubú sí i.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́. Ọ̀dọ́ yóò rí i pé ẹrù pọ̀, yóò sì dín omi kù, nítorí pé epo ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè, omi kò sì tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. A gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má ṣe dín omi kù láé. Kí wọ́n pa ọ̀nà dà: kí wọ́n wọ inú aṣálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa jáde padà sí títì láti ra epo. Tàbí kí wọ́n ra táńkì ńlá, kí wọ́n sì mú ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn. Alùpùpù tó bá ń jẹ epo jù láàárín wọn ni kí gbogbo wọn fi ṣírò, kì í ṣe tẹni tó ra tuntun.

Àwọn ajíhìnrere Kátólíìkì ìgbàanì mọ ọ̀rọ̀ omi yìí dáadáa. Àwọn Jésúìtì dá iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Loreto ní 1697, ìsun omi ni wọ́n sì ń wá kiri bí wọ́n ti ń lọ sí àríwá láàárín àwọn ènìyàn Cochimí. San Borja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1762, ní ìsun tirẹ̀; ilé ìsìn olókúta tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn náà ṣì dúró, àwọn tí ń gun alùpùpù sì máa ń yà síbẹ̀. Santa María tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1767 kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kò lè bọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà ṣí lọ sí San Fernando Velicatá. Bí ìtara àwọn wọ̀nyẹn kò bá lè dípò omi, tiwa náà kò lè dípò rẹ̀. A óò gbàdúrà fún ọmọ tó ń lọ, ṣùgbọ́n a óò ka kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ pẹ̀lú.

Àkókò, táyà àti erùpẹ̀

Oṣù November sí oṣù April ló sàn jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Láti August sí October, ìjì ńlá orí òkun lè dé, kí odò gbígbẹ kún lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aṣálẹ̀ túmọ̀ sí ooru nìkan: létí Pàsífíìkì, kùrukùru tútù máa ń wọlé láti orí omi, a máa rin aṣọ àti àgọ́ gbingbin. Aṣọ òtútù kò gbọ́dọ̀ gbélé.

Fún iyanrìn, wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù. Bí wọ́n bá dé orí òkúta, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà, nítorí náà póńpù kì í ṣe ẹrù àṣerégèé. Túùbù táyà iwájú lè ti ẹ̀yìn lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, torí náà ẹni tí àyè kò gbà yóò mú ti iwájú dání. Ẹ̀gún ibẹ̀ kò mọ táyà tuntun yàtọ̀ sí ògbólógbòó. Erùpẹ̀ kan wà tó kúnná bí ẹ̀tù ìpara, tó máa ń bo ihò àti òkúta mọ́lẹ̀. Òun náà ló máa ń dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí wọ́n mú asẹ́ afẹ́fẹ́ mìíràn lọ. Ní ìhà Guerrero Negro, níbi tí wọ́n ti ń fa iyọ̀ láti inú omi òkun, ilẹ̀ oníyọ̀ lè dà bíi pé ó le lójú, kí ẹrẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ipa ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń gbà ni kí wọ́n tọ̀. Púpọ̀ nínú aṣálẹ̀ yìí ni ìjọba ń dáàbò bò, kì í ṣe pápá ìṣeré.

Ìwé, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ

Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Mẹ́síkò, àfi bí ó bá ní físà Amẹ́ríkà tí kò tíì kú, tàbí ìwé ìgbélùú títí lọ ti Amẹ́ríkà. Kí gbogbo wọn gba ìwé arìnrìn-àjò tí ń jẹ́ FMM ní ẹnubodè. Ìwé adójútòfò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà kò tó ní Mẹ́síkò; wọ́n gbọ́dọ̀ ra ti ọ̀hún. Bí alùpùpù kò bá jẹ́ ti ẹni tó gùn ún, kí olówó rẹ̀ kọ lẹ́tà. Kí wọ́n yẹ gbogbo àpò wò kí wọ́n tó kọjá: ọta ìbọn kan ṣoṣo tó ṣèèṣì wà nínú báàgì lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ ààbò pamọ́. Ní ìparí April 2024, wọ́n pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, ará Australia méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́ wọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n pàgọ́ sí létí òkun ní gúúsù Ensenada. Àwọn aláṣẹ sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ni àwọn olè náà ń wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ láìséwu, ṣùgbọ́n kí ọmọ má pàgọ́ níbi ìkọ̀kọ̀. Kí ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn apẹja, kí ó sì dúró nítòsí wọn. Kí ó má rìn lóru. Màlúù ń sùn sójú ọ̀nà níbẹ̀.

Ẹni tó dúró sílé

Tẹlifóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀ nínú aṣálẹ̀ náà. Nítorí náà, wọ́n ń lo ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ó dára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ lè kú, ó sì lè já bọ́ nínú iyanrìn. Nígbà náà ni ìyá yóò jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun sùn.

Ohun tí a rò pé ó yẹ ni kí wọ́n fẹnu kò ṣáájú lórí wákàtí tí ìbẹ̀rù yóò bẹ̀rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: ọ̀rọ̀ yóò wọlé ní aago méje alẹ́. Bí kò bá wọlé, kí ará ilé dúró di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Bó bá di ọ̀sán gangan láìgbọ́ ohùn, kí ó pe àwọn olùgbàlà tí ẹ̀rọ náà ń bá ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà 911 ń ṣiṣẹ́ ní Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láti Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ni yóò dá a lóhùn. Nítorí náà, kí nọ́ńbà ilé ìtura tí wọ́n ti kúrò àti èyí tí wọ́n ń lọ wà lọ́wọ́ ará ilé.

Kí wọ́n sì kọ wákàtí ìpadà sílẹ̀. Bí aago kan ọ̀sán bá lù, tí wọn kò tíì rin ìdajì ọ̀nà ọjọ́ náà, tàbí tí omi ti kọjá ìdajì, kí wọ́n yí padà. Nílé ni kí wọ́n ti pinnu rẹ̀, nítorí pé nínú oòrùn, láàárín ọ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká padà.” Bí ó bá ti wà lórí ìwé, ìwé ló sọ ọ́.

Orúkọ olúkúlùkù, àwọ̀ àti nọ́ńbà alùpùpù, irú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà adójútòfò, ọ̀nà ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọn yóò sùn, àti wákàtí méjèèjì yẹn: kí gbogbo rẹ̀ wà lójú ìwé kan ṣoṣo. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí ìyá kà á sókè ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò gbéra. Ibi tí kò bá yé ìyá, kí wọ́n tún un kọ.